Lídà ni ká kọ́kọ́ yàn, kí a tó ra ọ̀pá: èsì sí àpilẹ̀kọ yín lórí ẹja túnà

Sí Olóòtú Àgbà,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín kú akitiyan. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí nípa àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń bá ọkọ̀ lọ sí ojú òkun nígbà ooru láti fi ìwọ̀ pa ẹja túnà. Inú mi dùn pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ inú ìwé ìròyìn wa, torí pé ó pẹ́ tí a ti ń ka ẹja pípa sí iṣẹ́ àwọn ará etí omi nìkan. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn mẹ́ta wà nínú àpilẹ̀kọ náà tí n kò lè gbójú fò. Òǹkọ̀wé yín, tí mo bọ̀wọ̀ fún, ní kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ ra ọ̀pá ìwọ̀ tó gùn jù lọ tí owó rẹ̀ bá ká, kí ó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sí i kí ìjàkadì òun àti ẹja lè pẹ́ kí ó sì dùn, kí ó sì fi wáyà ṣe lídà, ìyẹn okùn kúkúrú tó so mọ́ ìdẹ, nítorí eyín ẹja náà. Lójú tèmi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò tọ̀nà, ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì burú jù, nítorí pé ẹja ni yóò fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i.

Ìpínlẹ̀ Massachusetts ni mo ń gbé, omi tó wà níwájú Cape Cod ni mo sì ti ń pẹja. Nítorí náà, túnà tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní bluefin, tó máa ń dé ibẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹfà, tí yóò sì wà níbẹ̀ títí òtútù yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Oúnjẹ ló ń wá: ẹja kékeré gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní sand eel, tó máa ń sá pamọ́ sínú iyanrìn ìsàlẹ̀ omi, àti ṣáwà, àti ẹja tí àwa mọ̀ sí Títù ní ọjà wa. Ní Stellwagen Bank, tí ìjọba Amẹ́ríkà sọ di ibi ààbò fún ohun abẹ̀mí inú òkun ní 1992, àti ní ojú omi tó wà ní ìlà-oòrùn ìlú Chatham, ibi tí ẹyẹ àti àbùùbùtán bá kóra jọ sí ni àwọn ẹja kéékèèké wọ̀nyí wà, ibẹ̀ náà sì ni túnà ti máa ń fò jáde sójú omi. Apẹja tó dúró níwájú ọkọ̀ ní láti ju ìdẹ rẹ̀ sáàárín wọn kí wọ́n tó rì padà, àkókò náà kì í sì í pẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pá àti ríìlì spinning fi wúlò níbẹ̀ (ríìlì ni ẹ̀rọ tí a ń ká okùn sí ní ìdí ọ̀pá). Kẹ̀kẹ́ ríìlì yìí kì í yí nígbà tí a bá ń ju ìdẹ. Okùn fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ kúrò lára rẹ̀, a sì lè jù ú jìnnà lójú afẹ́fẹ́ láìjẹ́ pé okùn lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn.

Ẹja yìí lágbára púpọ̀. Bluefin tó tóbi jù lọ tí wọ́n fi ọ̀pá àti ìwọ̀ pa, tí àjọ IGFA tó ń ṣe àkọsílẹ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí, wọn kílò 679. Ken Fraser ló pa á ní Nova Scotia, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ní 1979. Kò sí ẹni tó ń fi ọ̀pá spinning wá irú ẹja bẹ́ẹ̀. Èyí tí à ń wá ni èyí tó wọn nǹkan bíi kílò 15 sí 70, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè mọ èyí tí yóò gbé ìdẹ mì nínú agbo ẹja, nítorí náà kò yẹ kí irinṣẹ́ wa jẹ́ èyí tó kàn tó èyí tó kéré jù nínú wọn.

Lídà ni okùn kúkúrú tó wà láàárín ìdẹ àti okùn gígùn tó wà lórí ríìlì. Òun ni ẹja ń rí, òun ni ẹnu rẹ̀ ń gbo, òun náà sì ni ọwọ́ wa máa ń dì mú nígbà tí ẹja bá dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé láti orí rẹ̀ ni ó ti yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Bí a bá ti mọ ìwọ̀n ẹja tí à ń wá, a ó mọ lídà tó lè gbà á. Lídà ni yóò tọ́ka sí okùn tó yẹ. Okùn ni yóò sọ bí a ṣe lè mú bíréèkì ríìlì, ìyẹn ohun tó ń di okùn mú kí ó má baà bọ́ jáde wẹ́rẹ́, le tó. Bí bíréèkì bá sì ṣe le tó ni agbára ọ̀pá gbọ́dọ̀ ṣe tó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ ra ọ̀pá nítorí pé ó gùn tàbí pé ó wù ú lójú ti gba ẹ̀yìn wọ inú ọ̀rọ̀ náà, gbogbo ohun tó bá sì rà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò máa bá ọ̀pá náà jà.

Mo rò pé ẹja kúta ni òǹkọ̀wé yín ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wáyà. Òótọ́ ni pé eyín kúta máa ń gé okùn, bẹ́ẹ̀ náà ni ti bluefish tó pọ̀ nínú omi Cape Cod, tó máa ń gé ìdẹ onírọ́bà sí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń wá irú àwọn ẹja bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti lo wáyà. Túnà kò rí bẹ́ẹ̀. Eyín wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kéré, wọ́n sì rí ṣóńṣó. Ó fi wọ́n ń di ẹja kékeré mú ni, kò fi wọ́n gé e, torí pé odindi ló ń gbé e mì. Ohun tó ń já lídà lẹ́nu túnà ni gbígbo: bí ìjàkadì bá ti ń pẹ́ sí i ni ẹnu rẹ̀ ń ha ara okùn díẹ̀díẹ̀. Okùn tó nípọn tí ara rẹ̀ sì le ló ń fara da èyí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ojú túnà mú gan-an, ojú ló sì fi ń wá oúnjẹ. Wáyà ń kọ mànà nínú omi, kì í sì í jẹ́ kí ìdẹ rìn bí ó ti yẹ. Mo ti rí àwọn tó fi wáyà ju ìdẹ sáàárín agbo túnà tó ń jẹun, tí ẹja sì ń jẹ ti ẹni tó dúró tì wọ́n láìfọwọ́ kan tiwọn.

Ohun méjì ni à ń yàn láàárín wọn fún lídà túnà: náílọ́ọ̀nù lásán, tàbí fluorocarbon, tí ilé-iṣẹ́ Kureha ní Japan kọ́kọ́ fi ṣe okùn ìpẹja ní 1971, tí wọ́n sì ń tà á títí di òní lábẹ́ orúkọ Seaguar. Ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ bí ó bá ń kúrò nínú nǹkan kan bọ́ sínú òmíràn. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ títẹ̀ náà jẹ́ 1.33 fún omi, 1.42 fún fluorocarbon, ó sì tó nǹkan bíi 1.53 fún náílọ́ọ̀nù. Bí ìwọ̀n nǹkan kan bá ṣe súnmọ́ ti omi tó ni ó ṣe máa ń ṣòro fún ojú láti rí i nínú omi, ìdí sì nìyẹn tí fluorocarbon fi máa ń fara pamọ́ jù. Ara rẹ̀ tún le, kì í tètè gbo, ó sì wúwo: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ní ìlọ́po méjì ju omi tó kún àyè kan náà lọ, nítorí náà ó ń rì, nígbà tí náílọ́ọ̀nù kì í fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju omi lọ.

Síbẹ̀, n kò gbà pé fluorocarbon ló yẹ ní gbogbo ìgbà, bí àwọn tó ń tà á ṣe máa ń fẹ́ kí a gbà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹja kékeré tó wà láàyè ni a fi ṣe ìdẹ, tàbí ẹja gígé tó ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ nínú omi ní ọ̀sán gangan, túnà ní àyè láti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, níbẹ̀ ni n kò sì lè fi fluorocarbon sílẹ̀. Bákan náà ni fún ìdẹ rọ́bà tó jọ sand eel, nítorí pé lídà tó ń rì máa ń bá irú ìdẹ bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìdẹ onígi tàbí oníke tó ń léfòó, tí à ń fà yára lójú omi tí ìfóòfó sì bo gbogbo ibẹ̀, ẹja kò ní àyè láti wo okùn. Níbẹ̀ náílọ́ọ̀nù tó dára ló wù mí jù: kì í fa orí ìdẹ wọ omi, ó sì máa ń nà díẹ̀ nígbà tí ẹja bá kọ́kọ́ kọlù ú, nínà yẹn sì ń gba ìwọ̀, kókó àti ọwọ́ apẹja lọ́wọ́ ìjà òjijì. Owó rẹ̀ náà kò pọ̀ tó ti èkejì, a sì lè máa pààrọ̀ rẹ̀ láìdùn wá lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan, èyí tó yẹ kí gbogbo ènìyàn máa ṣe bí wọ́n bá fọwọ́ kan lídà tí wọ́n rí i pé ara rẹ̀ ti gbo.

Ní ti ìwọ̀n, pọ́ùn ni wọ́n ń kọ sára páálí okùn ní Amẹ́ríkà. Fún ẹja tí kò ju kílò 45 lọ, lídà pọ́ùn 60 sí 80, ìyẹn kílò 27 sí 36, ti tó. Bí ọ̀gá ọkọ̀ bá sọ pé àwọn tó ju bẹ́ẹ̀ lọ wà nítòsí, pọ́ùn 100 sí 130 ni ó yẹ kí a so. Lídà pọ́ùn 80 tí a fi fluorocarbon ṣe nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà kan ó dín ìdá mẹ́rin, nítorí náà ìdẹ kékeré kì í rìn dáadáa lára rẹ̀. Ìdẹ ni kí a pààrọ̀ nígbà náà, kí a mú èyí tó tóbi díẹ̀ sí i. Kí a má ṣe tìtorí rẹ̀ sọ lídà di tẹ́ẹ́rẹ́. Ní ti gígùn, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí mẹ́fà tó fún ẹni tó ń ju ìdẹ, kí kókó tó so lídà mọ́ okùn lè wà níta orí ọ̀pá nígbà tí a bá ń jù ú. Ẹni tó ń fi ẹja ààyè ṣe ìdẹ lè lo ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 20, torí pé kì í jù ú jìnnà. Òfin IGFA kò gba kí lídà ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ, bí okùn orí ríìlì bá ju pọ́ùn 20 lọ, fún ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀.

Kókó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù ẹja wọn, àpilẹ̀kọ yín kò sì sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Okùn orí ríìlì jẹ́ okùn híhun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ̀, lídà sì nípọn, ó sì le. Bí a bá ta àwọn méjèèjì pọ̀ bí a ṣe ń ta okùn méjì tó jọra, ọ̀kan yóò yọ́ kúrò lára èkejì, tàbí kí kókó náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi máa kọlu àwọn òrùka ọ̀pá títí tí ọ̀kan yóò fi fọ́. Èyí tí mo dúró lé lórí ni kókó tí wọ́n ń pè ní FG. A ó na okùn híhun náà kí ó le gírígírí, a ó wá máa fi lídà gba orí rẹ̀ àti abẹ́ rẹ̀ lọ́nà kan lẹ́yìn òmíràn, tó nǹkan bí ogún ìgbà, bí onídìrí ṣe ń mú irun láti ọ̀tún àti láti òsì títí ó fi di ìdì kan. Lẹ́yìn náà ni a ó fi omi tutù rẹ̀ ẹ́, a ó wọ ìbọ̀wọ́, a ó sì fà á pẹ̀lú gbogbo agbára wa títí okùn híhun yóò fi wọ ara lídà. Bí a bá rí i pé àwọ̀ okùn náà ṣókùnkùn sí i níbi tó ti mú lídà, ó ti dì nìyẹn. A ó wá fi kókó kéékèèké dè é mọ́lẹ̀, a ó sì gé ìrù lídà kúrò. Lídà kò tẹ̀ níbì kankan nínú kókó yìí, ìdí sì nìyẹn tí kì í fi í dín agbára okùn kù púpọ̀, tí ó sì ń gba inú òrùka kọjá láìṣe ariwo. Kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó kọ́ ọ nílé, lórí tábìlì, kí ó sì ta á lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó gbà á gbọ́, torí pé ìgbì kì í jẹ́ kí ọwọ́ dúró sójú kan nínú ọkọ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni okùn híhun tó ní ihò nínú, tí a lè ti lídà bọ̀ láàárín rẹ̀. Bí ẹja bá ṣe ń fà á sí i ni okùn ìta ń fún lídà inú mọ́lẹ̀ sí i, kò sì sí kókó kankan rárá. Wọ́n ń ta irú lídà bẹ́ẹ̀ ní ṣíṣe tán, ó sì dára fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì yá sí kókó FG.

Mo wá kan ọ̀rọ̀ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti ká mi lára jù. Ara túnà kò rí bí ti ọ̀pọ̀ ẹja. Ètò iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gba ooru tí iṣan ẹran ara rẹ̀ ń mú wá padà, kí ó má baà ṣòfò sínú omi, nítorí náà ara bluefin máa ń gbóná ju omi tó yí i ká lọ. Ohun tó jẹ́ kí ó lè máa sáré lẹ́yìn oúnjẹ nínú omi tútù nìyẹn. Bákan náà ni kò lè dúró sójú kan kí ó mí: ó ní láti máa lọ síwájú kí omi lè máa gba ẹnu rẹ̀ wọlé kí ó sì gba ìjàgbá rẹ̀ jáde. Ẹ wá ro ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i bí ẹnì kan bá fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ dá a dúró fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Ooru ń pọ̀ sí i nínú ara rẹ̀, oró tí iṣan máa ń pèsè nígbà làálàá ń kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nígbà tó bá sì fi máa dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kò ní agbára tí yóò fi wẹ̀ lọ mọ́. Bí a bá jù ú sílẹ̀, ó lè máa rì lọ sísàlẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ bluefin ni òfin sì ní dandan pé kí a jù sílẹ̀. Èyí tí kò bá tó íǹṣì 27, tí a bá fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ẹnu tẹ̀ lé ìtẹ̀ ara rẹ̀ títí dé ibi tí ìrù ti pín, kò gbọ́dọ̀ wọ inú ọkọ̀ wá fún jíjẹ. Iye tí ọkọ̀ kan sì lè mú lójúmọ́ lè yí padà láàárín ọdún kan náà. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀, ẹni tó ni ín sì gbọ́dọ̀ ròyìn bluefin tí wọ́n bá mú àti èyí tó bá kú lọ́wọ́ wọn, kí wákàtí 24 tó pé. Àjọ ICCAT, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń bójú tó túnà inú Òkun Àtìláńtíìkì, tí Nàìjíríà náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ló ń pín iye tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè mú. Ìjàkadì tó pẹ́ tí òǹkọ̀wé yín ń pè ní adùn ni ó ń pa ẹja tí a kò ní àṣẹ láti pa. Bí a bá fẹ́ kí ẹja tí a jù sílẹ̀ yè, a ní láti mú un dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kíákíá, irinṣẹ́ tó lágbára nìkan ló sì lè ṣe èyí.

Nítorí náà, okùn híhun pọ́ùn 80 ni ó yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ rà. Àwọn ará Japan fi nọ́ńbà PE sọ bí okùn ṣe nípọn tó, nọ́ńbà yìí kan náà ni wọ́n sì ń kọ sára ọ̀pá: PE 6 nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 0.4, PE 8 sì tó 0.47. Ọ̀pá tí wọ́n bá kọ PE 6 tàbí PE 8 sí lára ni ó bá okùn pọ́ùn 80 àti lídà tí mo mẹ́nu bà lókè mu. Bíréèkì ríìlì kò gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́rin tàbí ìdá mẹ́ta agbára okùn lọ nígbà tí ẹja bá kọ́kọ́ gbé ìdẹ. Fún pọ́ùn 80, tó jẹ́ kílò 36, èyí jẹ́ kílò mẹ́sàn-án sí méjìlá. Kí a má fi ọwọ́ lásán díwọ̀n rẹ̀. Kí a so okùn mọ́ òṣùwọ̀n, kí ẹnì kan di òṣùwọ̀n náà mú, kí ẹni kejì gbé ọ̀pá bí ẹni tó ń bá ẹja jà, kí ó wò ó bóyá òun lè gba kílò mẹ́wàá mọ́ra láìkọsẹ̀. Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu bí kílò mẹ́wàá ṣe wúwo tó lórí ọ̀pá. Kí a sì rántí pé bí okùn bá ṣe ń lọ tí kẹ̀kẹ́ sì ń fọn sí i ni bíréèkì ń le sí i fúnra rẹ̀, tí omi náà sì ń fa okùn gígùn tó ti jáde. Ẹni tó bá tún fún bíréèkì pọ̀ nígbà tí ẹja ń sáré lọ ló sábà máa ń já okùn ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gígùn ọ̀pá ló wá kù. Òótọ́ ni pé ọ̀pá gígùn ń ju ìdẹ jìnnà, ẹni tó bá sì dúró sí etí òkun, tí ìgbì wà láàárín òun àti ẹja, kò lè ṣe láìní èyí tó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni a ti ń pa bluefin, ọkọ̀ sì ni ó ń gbé wa súnmọ́ ẹja. Nígbà tí ẹja bá ti gbé ìdẹ, ọwọ́ wa wà ní ìdí ọ̀pá, agbára ẹja wà ní orí rẹ̀, bí àárín méjèèjì bá sì ṣe gùn tó ni ẹrù náà ṣe ń wúwo tó lọ́wọ́ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bíréèkì kò yí padà. Bíréèkì kílò mẹ́wàá tí ènìyàn lè fi ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà méje gbà mọ́ra lè tẹ ẹni kan náà lórí ba bí ọ̀pá bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án. Nítorí èyí, láàárín ẹsẹ̀ bàtà méje àti mẹ́jọ ni mo gbà pé ó yẹ. Èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méje àti ààbọ̀ yóò ju ìdẹ gírámù 60 sí 100 jìnnà tó láti inú ọkọ̀, kò sì ní fi wá ṣe ẹrú nígbà tí ẹja bá lọ sísàlẹ̀. Bí apẹja kò bá ga, tí kò sì ní ara ńlá, kí ó yan èyí tó súnmọ́ méje.

Carbon ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọ̀pá báyìí, nítorí pé ó fúyẹ́, ó sì ń tètè padà sípò nígbà tí a bá ju ìdẹ. Ṣùgbọ́n carbon kì í fẹ́ kí a gbé orí rẹ̀ sókè jù. Bí ẹja bá wà lábẹ́ ọkọ̀ gan-an, tí apẹja sì gbé ọ̀pá dúró ṣánṣán, orí tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni yóò gba gbogbo ẹrù náà, ibẹ̀ ni yóò sì ti kán. Kí a mú ọ̀pá sílẹ̀, kí ìdí rẹ̀ tó nípọn lè ṣe iṣẹ́. Àwọn ọ̀pá kan wà tí wọ́n fi gíláàsì kún carbon inú wọn. Wọ́n wúwo díẹ̀, wọn kì í sì í ju ìdẹ jìnnà tó, ṣùgbọ́n wọ́n ń fara da àṣìlò, mo sì rò pé wọ́n dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ju ọ̀pá olówó ńlá lọ. Ní ilé ìtajà, kí a ní kí wọ́n fi ríìlì sí i, kí a fa okùn gba inú òrùka rẹ̀, kí ẹnì kan di orí okùn mú nísàlẹ̀, kí a sì fà á. Bí ọ̀pá bá ń tẹ̀ láti orí títí dé apá ìsàlẹ̀, tó sì ku agbára ní ìdí rẹ̀, ó dára. Bí gbogbo rẹ̀ bá tẹ̀ dé ibi ìdìmú lẹ́sẹ̀ kan náà, kò tó túnà. Kí a wo òrùka rẹ̀ náà: èyí tó wà nítòsí ríìlì gbọ́dọ̀ tóbi, torí pé yíyí ni okùn ń yí jáde láti ara kẹ̀kẹ́, inú gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ dán, kí okùn híhun má baà gbo.

N kò ní pẹ́ lórí ríìlì. Ìwọ̀n 14000 sí 20000 ni kí a wò, kí ó sì gba ó kéré tán mítà 275 okùn pọ́ùn 80. Stella SW ti Shimano àti Saltiga ti Daiwa ni àwọn tó lówó máa ń rà. Slammer ti Penn kò wọ́n tó wọn, ó sì ń ṣiṣẹ́. Bí owó kò bá tó fún ohun gbogbo, kí a fi èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sórí ríìlì, kí ọ̀pá jẹ́ ti owó kékeré. Òrùka irin tó so lídà mọ́ ìdẹ àti swivel tó ń yí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí yóò ṣí nígbà tí ẹja bá fà á, kí a ra èyí tó lágbára ju lídà lọ dáadáa. Kí a yọ ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta tó máa ń bá ìdẹ wá, kí a fi ìwọ̀ ẹlẹ́nu kan tó nípọn rọ́pò rẹ̀. Kì í tètè nà, kì í ya ẹnu ẹja tí a fẹ́ jù sílẹ̀, kì í sì í gún ọwọ́ ẹni tó ń yọ ọ́.

Fún àwọn òǹkàwé yín tó wà nílé, ọ̀kan lára túnà tó wà ní òkun Guinea ni èyí tí wọ́n ń pè ní yellowfin, ibẹ̀ sì wà lára ibi pàtàkì tó ti ń yé ẹyin ní gbogbo Òkun Àtìláńtíìkì. Ní Tema, ní Ghana, àwọn apẹja kan wà tó ń fi ọ̀pá gbọọrọ, okùn kúkúrú àti ìwọ̀ tí kò ní ẹ̀gún kó túnà sókè láti inú omi, láìsí ríìlì rárá. Iṣẹ́ wọn kò ní í ṣe pẹ̀lú ohun tí mo ń sọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bá ọkọ̀ jáde láti Èkó pẹ̀lú ọ̀pá spinning lè tẹ̀ lé ìṣirò kan náà láti orí lídà wá sí orí ọ̀pá. Bí ó bá jẹ́ pé kúta ni wọ́n sọ pé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ó fi wáyà ẹsẹ̀ bàtà kan sí iwájú ìdẹ, kí ó sì tú u kúrò nígbà tí túnà bá dé.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín kí ẹ bá wa tẹ lẹ́tà yìí kí oṣù kẹfà tó wọlé, torí pé àsìkò náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ ra irinṣẹ́ wọn. Bí òǹkọ̀wé yín bá sì rí i pé ibì kan wà tí mo ti sọ ohun tí kò bá ìrírí wọn mu, pàápàá lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, inú mi yóò dùn láti ka èsì wọn nínú ìwé ìròyìn yìí kan náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan ní Massachusetts